Erùpẹ̀ Èèkàn Kẹtàdínlógún

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìrọ́jú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Agége níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, àti ìyàwó wọn. Mo kí Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó ń bá yín pọnmi. Mo kí Tíṣà pẹ̀lú, tí wọ́n ń ka ìwé yìí sí yín létí. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á, ẹ má sì fo ibì kankan, kódà bí ẹ bá rí i pé ojú Màámi ti ń yí padà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kà á síwájú, ẹ ní kí Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi jáde lọ ṣeré. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, tó ń kó ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wálé lóṣooṣù, ló mú òun náà wá. Òun àti lẹ́tà yìí jọ wá nínú ọkọ̀ kan náà ni.

Màámi, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni ohùn mi ti bá yín. Lẹ́tà méjì ni mo fi rán awakọ̀ sí yín, kò sí èyí tó débẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ọmọ ilé wa pọ̀ ní agbègbè yìí tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ tí wọn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé dé, ti sọ gbogbo wa di àgbẹ̀ tipátipá. Mo fẹ́ kí àwọn náà gbọ́. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ kankan. Ayé ológun la wà. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa sọ̀rọ̀ nípa owó epo ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n wá gbé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò níbi tó lọ. Láti ìgbà tó ti dé, ẹ̀rín ló fi ń dá gbogbo èèyàn lóhùn, ẹ báà kí i ẹ kú àárọ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí bí mo bá kí yín lọ títí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ń jẹun, ó ń ṣeré, ó ń lọ síléèwé. Ẹ ó wò ó, ẹ ò ní rí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n Morẹ́nikẹ́ ìyá rẹ̀ náà ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún kan tí a sin ín. Ẹ ò lè wá, nítorí a kì í jẹ́ kí àgbà rí sàréè ọmọ. Èmi náà ò sì ròyìn rẹ̀ fún yín dáadáa. Mo kàn ránṣẹ́ pé inú rírun ni. Inú rírun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Oṣù méjì ló fi ń rù níṣojú mi. Ó ní ẹnu òun ń korò, pé bí òun bá mu omi, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń lá irin. Wọ́n fún un lóògùn ọgbẹ́ inú, ó lò ó tán, kò ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó pa á. Mo gbà pé Ọlọ́run ló ni ín, mo sì panu mọ́.

Ohun tí mi ò sọ fún yín ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìhunṣọ tí mo wà ní Oregun tilẹ̀kùn, tí wọ́n ní owú ò wọlé mọ́ láti òkè òkun, Morẹ́nikẹ́ ò sunkún, kò sì bú mi. Ọkọ́ ló mú, ó lọ sí kòtò yangí tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Kòtò ńlá ni. Bí wọ́n bá kó gbogbo ilé tó wà láti ṣọ́ọ̀ṣì wa dé ọjà sínú rẹ̀, àyè á ṣẹ́kù. Iléeṣẹ́ alágbàṣe kan ló ti ń wa yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà tí owó epo pọ̀ nílùú, tí wọ́n ń la ọ̀nà káàkiri. Nígbà tí wọ́n wà á débi tí omi ń sun, wọ́n kó katakata wọn lọ, wọ́n fi ihò sílẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tó wà nítòsí wá ń da ìdọ̀tí wọn síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n. Ní apá ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ díẹ̀, ni Morẹ́nikẹ́ ti kọ ebè mẹ́rin. Ó ń lọ bẹ ìgbẹ́ adìyẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń sin adìyẹ, ó ń fi agbọ̀n rù ú wá. Tẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ ga dé ìbàdí èèyàn. Odindi ọdún kan la fi ń jẹ ẹ́, tí a sì ń fún àwọn aládùúgbò, tí gbogbo wọn ń sọ pé ọwọ́ ìyàwó mi dára fún ohun ọ̀gbìn.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà ọyẹ́, ni a gbọ́ pé ìjọba ti pàṣẹ fún iléeṣẹ́ alágbàṣe náà pé kí wọ́n tún ilẹ̀ náà ṣe, kí wọ́n dí i, kí wọ́n gbin nǹkan sí i, kí wọ́n tó dá a padà fún àwọn onílẹ̀. Ṣùgbọ́n onímọ̀ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ erùpẹ̀ ibẹ̀ wò, kó wo koríko àti igi tó ń hù níbẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé apá ibí yìí dára, apá ibẹ̀ yẹn ò dára. Wọ́n ń wá ẹni tó lè gbẹ́ ilẹ̀. Mo lọ, wọ́n gbà mí.

Obìnrin ni onímọ̀ náà. Yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ni. Dókítà là ń pè wọ́n. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, ìyá mẹ́ta ti gbé ọmọ wá, wọ́n ní kí Dókítà bá àwọn wo ikọ́. Dókítà ní ilẹ̀ ni àwọn ń tọ́jú, àwọn kì í tọ́jú èèyàn. Ọ̀kan nínú wọn ní ó dáa, bí wọ́n bá tọ́jú ilẹ̀ náà tán, ṣé ọmọ òun ò ní wúkọ́ mọ́? Dókítà rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà sínú ìwé wọn.

Iṣẹ́ náà rọrùn láti ṣàlàyé. Ogún èèkàn ni a kàn mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì kọ nọ́ńbà sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìdí èèkàn kọ̀ọ̀kan, a ó bu erùpẹ̀ òkè sínú ọ̀rá kan, a ó gbẹ́ ẹ wọlé dé ìgbọ̀nwọ́, a ó bu ti ìsàlẹ̀ sínú ọ̀rá mìíràn. A ó wá ka gbogbo ohun tó ń hù láyìíká. Dókítà mọ orúkọ ìwé, èmi mọ orúkọ ilé. Mo ní èèsún rèé, ìmí eṣú rèé, patọnmọ́ rèé. Múfú, ọmọ Agége tí a jọ ń gbẹ́ ilẹ̀, fi ìka kan ewé patọnmọ́, ewé náà pa dé. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ewé yìí gbọ́n ju gbogbo ará Èkó lọ, bó bá ti gbúròó bàtà ṣọ́jà, ó ti tilẹ̀kùn. Dókítà ní kó yé sọ bẹ́ẹ̀ sókè.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ, tí mo rò pé ohun tí Bàbá mi kọ́ mi ti bọ́ lórí mi. Kò bọ́. Mo mọ ilẹ̀ tí ekòló ti yàgbẹ́ sí. Mo mọ ilẹ̀ tí omi ń dúró nínú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá délé, Fúnmi á gbóòórùn ọwọ́ mi, á ní mo ń rùn bí Mọ́mì. Ìyá Sikírá, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ tí a jọ ń gbé nínú ilé, ló ń bá mi di irun rẹ̀, torí mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan, ilé ìwé ni wọ́n ti dá a padà.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni mo ń bọ̀ wá sọ yìí.

Nígbà tí a gbẹ́ dé èèkàn kẹwàá, wọ́n pe Dókítà padà sí yunifásítì ní kíá, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá ìjọba fà á, ìjọba sì fẹ́ ti iléèwé pa. Dókítà fi mẹ́wàá tó kù lé èmi àti Múfú lọ́wọ́. Wọ́n ní, Ọ̀gbẹ́ni Túnjí, ìdí èèkàn gan-an ni kí ẹ ti bù ú, ẹ má yà sọ́tùn-ún, ẹ má yà sósì. Mo ní mo ti gbọ́. Màámi, mo gbọ́ ọ létí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ iléèwé, ọwọ́ Bàbá mi ni. Ẹ rántí pé bí àlejò bá wá wo ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ibi tó dára jù ni wọ́n ti ń bu erùpẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣa iṣu tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àna, tí wọ́n á máa yí i wò, tí wọ́n á fi aṣọ nu iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ní ta ló ń fi iṣu jíjẹrà rán ọmọ níṣẹ́? Wọ́n ní èyí tó dára jù ni à ń fi ránṣẹ́.

A dé ìdí èèkàn kẹtàdínlógún. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, kì í ṣe dúdú ọlọ́ràá, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn àgbá onírin tó ti dípẹtà sùn síbẹ̀, ìlàjì wọn wà nínú ilẹ̀. Òórùn kan wà tó ń wọ ọ̀fun ṣáá. Kò sí koríko kan, kódà èèsún tí kì í kọ ibi kankan kọ ibẹ̀. Múfú fi ṣọ́bìrì rẹ̀ ti ilẹ̀, ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ yìí ti kú, ẹ jẹ́ ká bá ẹbí rẹ̀ kẹ́dùn ká máa lọ. Mo wò yíká. Bí ogún ìṣísẹ̀ sísàlẹ̀ ni ebè Morẹ́nikẹ́ wà. Kò sẹ́ni tó ro ó láti ọdún tó kọjá, síbẹ̀ tẹ̀tẹ̀ ti lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ níbẹ̀, ìgbẹ́ ekòló sì wà káàkiri.

Mo rìn lọ síbẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ bu erùpẹ̀ òkè ebè rẹ̀ sínú ọ̀rá méjèèjì. Mo ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀, mo ṣa gbòǹgbò kúrò, mo fi ọwọ́ fọ́ ọ kúná. Mo kọ ẹ̀tàdínlógún sára ọ̀rá méjèèjì. Ojú ń tì mí láti kó ìdọ̀tí fún Dókítà, ìyẹn wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí kan tún wà. Mo fẹ́ kí ẹni tó kàwé wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó mi, kó sì sọ pé ó dára. Kò sẹ́ni tó yìn ín tó nígbà ayé rẹ̀, títí kan èmi náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Dókítà dé, wọ́n mú èsì àyẹ̀wò bọ̀. Wọ́n kà á fún wa nínú ọ́fíìsì alágbàṣe. Ọ̀gá Ṣówándé wà níbẹ̀. Òun ni iléeṣẹ́ fi ṣe olórí ibẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ọ̀gá. Nígbà tí Dókítà kà dé ẹ̀tàdínlógún, wọ́n dúró. Wọ́n ní ta ni ìbá rò ó, ilẹ̀ yìí sàn ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ilẹ̀ ẹ̀fọ́ ni. Wọ́n ní ohun tí ojú àwọn rí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ti sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Ṣówándé pàtẹ́wọ́, ó ní òun wí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ó ní kí wọ́n ra mínírà fún gbogbo wa. Mo mu tèmi. Ojú mi ṣomi, Màámi. Ó dà bí ẹni pé wọ́n dárúkọ Morẹ́nikẹ́ ní iwájú ìjọ.

Ibẹ̀ ni Dókítà ti ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tẹ́ gbogbo apá ìsàlẹ̀ náà, kí wọ́n pín in fún àwọn ará àdúgbò láti fi dá oko ẹ̀fọ́. Orúkọ àwọn tó ti wá tọrọ ilẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọ̀gá Ṣówándé ń ka ẹni tó ni ìdí èèkàn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ẹ̀tàdínlógún, orúkọ Ìyá Sikírá ló pè. Ìyá Sikírá ló bẹ̀bẹ̀ fún un, torí ó fẹ́ wà nítòsí ebè ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Mo gbé ìgò mínírà mi sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Dókítà máa buwọ́ lu ìwé náà.

Mo ní mo máa sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò sọ ọ́. Mo rò ó pé wọ́n á lé mi. Àwọn tí iléeṣẹ́ lé ní Oregun pọ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n ń rìn kiri pẹ̀lú báàgì, bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, torí kí ọmọ wọn má baà mọ̀. Mo ti rin ìrìn yẹn rí, oṣù mẹ́jọ ni. Mo ro ti ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rín dáhùn. Mo sọ ọ́ fún Múfú. Ó wò mí, ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ẹ panu mọ́, òtítọ́ ò ní ìwé ìwọlé nílùú yìí, ẹnu géètì ni wọ́n á ti dá a dúró.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo gba ibẹ̀ kọjá lọ sílé. Ìyá Sikírá ò dúró de ìwé kankan. Ó ti wà ní ìdí èèkàn kẹtàdínlógún, ó ń kọ ebè. Fúnmi wà lẹ́yìn rẹ̀ láìwọ bàtà, ó ń fi ike bu omi wọ́n ibi tó ti kọ. Ilẹ̀ dúdú náà ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí mi, ó sáré wá, ó ní Dádì, a fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ Mọ́mì.

Mo wo omi tó ń wọ́n sílẹ̀. Ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí ó fi dé ebè Morẹ́nikẹ́. Ogún ìṣísẹ̀ péré. Òjò ọdún mélòó ló ti gba ọ̀nà kan náà? Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi bí ẹni pé ó dúró tì mí, tó ń sọ pé omi dà bí irin lẹ́nu òun. Mo gbé ọmọ náà, mo gbé e dé ilé. Ìyá Sikírá ń pè mí lẹ́yìn pé, Bàbá Fúnmi, kí ló dé, ṣé ejò ni?

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo lọ bá Dókítà. Múfú tó ní kí n panu mọ́ ló gbé ṣọ́bìrì tẹ̀ lé mi, ó ní òun kàn fẹ́ wo bí wọ́n ṣe máa lé mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Dókítà ò pariwo. Wọ́n ní kí n tún un sọ, ibo gan-an ni mo ti bù ú. Mo tún un sọ. Wọ́n jókòó sórí garawa tó wà nílẹ̀. Wọ́n ní, Ọ̀gbẹ́ni Túnjí, ẹ fi ọwọ́ èmi fúnra mi kọ irọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti jẹ nǹkan láti orí ebè náà. Mo ní ìyàwó mi. Mo ní ọmọ mi. Mo ní èmi náà. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọn ò sì tètè fi í padà.

Ọ̀gá Ṣówándé ló pariwo nígbà tí Dókítà sọ ọ́ fún un. Ó ní, àgbẹ̀ Èkìtì, wọ́n rán ọ ní erùpẹ̀ ìjọba, o lọ bu erùpẹ̀ ìyàwó! Ó ní ìròyìn pé ilẹ̀ náà dára ti dé iwájú àwọn ológun, ẹni tó bá bà á jẹ́ ni yóò lọ ṣàlàyé fún wọn. Ó béèrè ibi tí mò ń gbé. Mo sọ fún un, nítorí kò sí irọ́ lẹ́nu mi mọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n máa lọ, kí n má padà wá. Dókítà ní mi ò ní lọ sí ibi kankan títí mo fi máa gbẹ́ ìdí èèkàn kẹtàdínlógún, ìdí rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ọwọ́ mi, níṣojú àwọn.

Mo gbẹ́ ẹ. Bí mo ṣe ń wọlé lọ ni òórùn náà ń le sí i. Nígbà tó dé ìgbọ̀nwọ́ kan, omi kan sun jáde tó ń dán bí ẹ̀yìn eṣinṣin. Múfú ò ṣe àwàdà kankan. Mo bù ú sínú ọ̀rá, mi ò ṣa nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. A lọ sórí ebè Morẹ́nikẹ́, mo tún bu ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, torí Dókítà ní ti òkè tí mo bù tẹ́lẹ̀ kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé, pé nígbà tí mo ti fọwọ́ ṣa á, ìtàn tí mo fẹ́ ni erùpẹ̀ náà sọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Dókítà ò buwọ́ lu ìwé.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ sọ fún Ìyá Sikírá. Ó bú mi. Ó ní mo fẹ́ jẹ ilẹ̀ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní òun tó ń di irun ọmọ mi, òun tó ń fún un lóúnjẹ, ṣé bí mo ṣe máa san án fún òun nìyẹn? Ó bú mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó dìde, ó pe Fúnmi, ó gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn, ó sì jókòó ti ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́, títí ọmọ náà fi ní Ìyá Sikírá, ó ti mọ́.

Èsì ẹ̀tàdínlógún ti dé. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ sí ohun jíjẹ lórí ilẹ̀ yẹn títí àwọn ọmọ ọmọ wa á fi dàgbà. Wọ́n á wa ilẹ̀ náà kúrò, wọ́n á fi amọ̀ lílẹ̀ dí ibẹ̀, igi lásán ni wọ́n á gbìn sí i. Ṣùgbọ́n èsì ti ebè Morẹ́nikẹ́ ò tíì dé. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ti tán, pé òkè òkun ló ti ń wá. Dókítà tún mú Fúnmi lọ bá ọ̀rẹ́ wọn kan tó jẹ́ dókítà èèyàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn náà ò tíì dé. Ìwé méjì ni mò ń dúró dè. Mo bi Dókítà pé ṣé ẹ̀fọ́ yẹn ló pa ìyàwó mi? Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, pé ó ṣeé ṣe kí àwọn má mọ̀ ọ́n láéláé. Wọ́n ní ilẹ̀ kì í sọ gbogbo ohun tó ṣe.

Iṣẹ́ mi ṣì wà títí Dókítà á fi parí tiwọn. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ̀. Àdírẹ́sì mi wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Ṣówándé. Bí mọ́tò bá dúró lẹ́nu géètì, mo máa ń rò pé èmi ni wọ́n wá mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan dúró, ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀, mo ti ń wá bàtà mi kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn. Ilé ẹni tó ń ta bátìrì ni wọ́n ń béèrè. Mo fi ọ̀nà hàn wọ́n. Fúnmi ní Dádì, ibo lẹ fẹ́ lọ tí ẹ fi wọ bàtà?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó máa bọ̀ sọ́dọ̀ yín. Bí wọ́n bá wá mú mi, kó má wà níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá sì ní nǹkan kan nínú, ọmọ náà yóò ti máa mu omi odò yín, yóò ti máa jẹ ẹ̀fọ́ yín. Dókítà èèyàn náà ní kí ẹ máa wò ó: bó bá ní ẹnu òun korò, bí inú bá ń run ún ju ọjọ́ méjì lọ, kí Bọ̀ọ̀dá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì fi ìwé tó wà nínú àpò rẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní àgbo ló máa kọ́kọ́ mu. Kì í jẹ ata púpọ̀. Gèlè ìyá rẹ̀ ló ń fi bora, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì sọ ohun kan fún un nípa ilẹ̀ yẹn. Ó rò pé mo bínú sí òun nítorí tó rìn láìwọ bàtà.

Agolo wàrà kan wà nínú ẹrù rẹ̀. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ẹ bù fún Morẹ́nikẹ́ lọ́jọ́ tí a ṣe ìgbéyàwó. Kò gbìn ín tán. Èyí tó kù kò fojú kan kòtò yẹn rí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbìn ín sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí Bàbá mi ti máa ń da eérú sí. Bó bá hù, ẹ ní kí Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi pé ó hù. Ìyẹn náà tó mi.

Màámi, Dókítà ní kí n má yà sọ́tùn-ún, kí n má yà sósì, mo yà, ẹ sì ti gbọ́ ohun tó fà. Ṣùgbọ́n Bàbá mi ò parọ́. Èyí tó dára jù lọ́wọ́ mi, ọmọ mi, ni mo fi ránṣẹ́ sí yín yìí, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ilẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ohun tí ẹ bá jẹ, ara ni yóò fi ṣe. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi, ẹ ní mo wà láàyè.

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ẹ pe Fúnmiláyọ̀ wọlé.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọlátúnjí.